Ta Ló Yẹ Kó Rí Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi?

Ní kíláàsì wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹlẹ́hàá. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jù mí lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti so yìgì wọn ni wọ́n ti ń bo ojú, láti ìgbà náà sì ni àríyànjiyàn kò ti tán nílé wa. Bàbá mi, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì níbí, kì í fi ìrun márùn-ún ṣeré, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ràn ìbòjú náà rárá. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn lọ sí Mẹ́kà, wọ́n dé, ìborùn funfun ni wọ́n ń lò títí wọ́n fi kú, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀sìn wọn kò pé. Màmá mi jẹ́ Ògù, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ègùn. Wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bí ariwo bá pọ̀ jù, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀."

Èmi náà kò fẹ́ràn ìbòjú. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Nígbà mìíràn tí mo bá dé ọjà Agbálátà, ẹlẹ́hàá mẹ́ta lè dúró sójú kan, n ó sì ní láti dúró kí ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ kí n tó mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní èjí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, inú ẹni á dùn láìmọ ìdí. Àwọn tó ń ra àdí àgbọn lọ́wọ́ wọn báyìí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò fẹ́ràn yàtọ̀ sí ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba fi òfin dè. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí n kò fẹ́ràn ni yóò di èèwọ̀, ẹ̀bà alẹ́ Sátidé ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: ṣé ó yẹ kí ìjọba ka ìbòjú àwọn obìnrin Mùsùlùmí léèwọ̀ ní gbangba? Kí a má da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra. Híjàábù bo orí, ọrùn àti àyà, ojú wà níta. Níkàábù bo ojú pẹ̀lú, ẹyinjú nìkan ló kù, àwọn mìíràn á tún fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìyẹn náà. Ẹni tó ń lo èkejì yìí ni à ń pè ní ẹlẹ́hàá.

Lórí híjàábù, Ìpínlẹ̀ Èkó ti jà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2013, ìjọba ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe lo híjàábù pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé ní àwọn ilé-ìwé ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá ìjọba láre. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba kò gbà, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá, níbi tí adájọ́ márùn-ún nínú méje ti sọ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022 pé àwọn ọmọbìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjàábù wọn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Ọmọ tó wà ní JSS1 nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ti lè ti jáde yunifásítì.

Kò sì tán síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdájọ́ náà tí agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo fi wọ aṣọ olórìṣà, láìwọ bàtà, lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà, pé bí ẹ̀sìn bá ti wọ inú aṣọ iṣẹ́, ti òun náà rèé. Ní Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ibẹ̀ gba híjàábù láàyè ní ilé-ìwé ìjọba, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan wọ aṣọ akọrin àti sùtánà wá sí kíláàsì. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán wọn. Ó dùn mí lẹ́yìn náà, nítorí mo ro ti olùkọ́ ìṣirò tó dúró níwájú wọn lọ́jọ́ náà.

Ìdájọ́ tó dá lórí híjàábù nìyẹn, ti aṣọ tó fi ojú sílẹ̀. Ti ìbòjú le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo mọ̀. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Abala 45 sì ní ìjọba lè ṣe òfin tó bá tọ́ nítorí ààbò, ìlera àti àlàáfíà ìlú. Àárín abala méjèèjì yìí ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àdí wọn.

Ààbò ni àwọn tó fẹ́ òfin yìí ń tọ́ka sí jù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Láti ọdún 2014 ni Boko Haram ti ń fi bọ́ǹbù sára àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ní ìhà Àríwá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2015, Ààrẹ Buhari sọ fún àwọn oníròyìn pé bí irú rẹ̀ bá ń bá a lọ, ó lè di dandan láti fòfin de híjàábù. Wọn kò ṣe é. Orílẹ̀-èdè Ṣáàdì ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní N'Djamena, ìjọba wọn ka ìbòjú léèwọ̀ níbi gbogbo, wọ́n ní kí wọ́n kó èyí tó wà lọ́jà, kí wọ́n dáná sun ún. Kò tíì pé oṣù kan tí ọkùnrin kan fi wọ aṣọ obìnrin tó bo ojú, tó gbé bọ́ǹbù wá sí ọjà ńlá ìlú náà, tó pa ara rẹ̀ àti àwọn tó lé ní mẹ́wàá.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ka ìtàn yẹn. Àwọn kan á ní, "Ẹ ò rí i? Aṣọ yẹn léwu." Èmi wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti dá a dúró fún àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni bọ́ǹbù ti bú, kò wọ àárín èrò. Òfin tó de aṣọ kò dá a dúró nílé rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló dá a dúró.

Ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dúró sí, nítorí ó ti ṣojú mi. Ní ìsinmi gígùn tó kọjá, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì àdí àgbọn mẹ́fà la gbé dání. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé bí o bá sùn lọ díẹ̀, ibi àyẹ̀wò ni wàá jí sí. Ní ọ̀kan nínú wọn tí n kò ní dárúkọ, òṣìṣẹ́ kan yọjú sínú bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́kùnrin tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó nàka sí wọn. "Ìwọ, ṣí ojú."

Ẹ̀gbọ́n mi fa káàdì ìdánimọ̀ yọ. Ó wo káàdì, ó wo aṣọ dúdú. Òótọ́ ni pé kò rí ohun tó lè fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò bá a jà lórí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pe obìnrin kan nínú yín, n ó ṣí i fún un." Ó ní kò sí obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pé kí wọ́n ṣí i níbi tí wọ́n jókòó sí tàbí kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀.

Mẹ́rìnlá la wà nínú ọkọ̀ náà. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn èrò bá wa dárò. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ṣí i ká máa lọ jàre!" "Ta ló fẹ́ fi ojú yín ṣe ọkọ?" Awakọ̀ ti ń sọ kẹ́ẹ̀gì wa kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó tutù bí omi àmù. Wọn kò bínú, wọn kò pariwo. Ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n kàn ń sọ gbólóhùn kan náà: "Ẹ pe obìnrin kan fún mi."

Ìyá kan tó ń ta ata ló bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n fa ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n fi ìborùn wọn ta bí aṣọ ìkélé. Ìgbà tí ènìyàn fi ń ka igba náírà kò tíì pé tí wọ́n fi yọrí. "Òun ni. Ó tilẹ̀ rẹwà ju fọ́tò lọ." Òṣìṣẹ́ náà wo àwọn ọkọ̀ tó ti tò lẹ́yìn wa, ó ju ọwọ́. Awakọ̀ tún kó kẹ́ẹ̀gì sókè, ó ń ráhùn. Ìyá aláta yẹn ṣe iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ náà, wọn kò sì gba owó oṣù.

Nígbà tí a délé tí mo ròyìn, bàbá mi lu orí ìjókòó. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń sọ nìyẹn, pé bí ìjọba bá ti fòfin dè é, ọmọ àwọn á bọ́ ọ, ìyà á sì tán. Ọ̀rọ̀ bàbá mi yìí ni mo ti ń rò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe aṣọ ni ẹ̀há. Inú ilé ni, àgbàlá tí obìnrin ń gbé tí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kì í wọ̀, tí òun náà kì í sì í jáde ju bó ti yẹ lọ. Ẹlẹ́hàá ni ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń jáde, tó ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tó ń ná ọjà, ti gbé ẹ̀há rẹ̀ kọ́ ojú kó lè rìn. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi lójúkojú bóyá ọkọ wọn ló fi ipá mú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, nínú ilé la wà, mo rí èjí. Wọ́n ní àwọn ló kọ́kọ́ dá ìbòjú sọ, nítorí ohun tí ọkọ àwọn fẹ́ ni pé kí àwọn fi ọjà sílẹ̀ pátápátá. "Aṣọ yìí ni mo fi bá a ná an. Ó gbà. Nígbà tó yá, èmi náà rí i pé ara mi balẹ̀ nínú rẹ̀."

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Kì í ṣe irú òmìnira tí mo fẹ́ fún ara mi. N kò rò pé ó yẹ kí obìnrin kan ná ọjà kó tó lè lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọkọ wọn. Ọjà ni yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Àdí tí wọ́n ń sè, owó tí wọ́n fi ń bá bàbá mi san owó ìdánwò WAEC mi, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ìyá aláta, gbogbo rẹ̀ á di ohun tí wọ́n ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Bàbá mi rò pé aṣọ ni yóò bọ́. Èmi rò pé ilẹ̀kùn ni yóò tì.

Àwọn tó wà lókè òkun ti dán an wò. Òfin ilẹ̀ Faransé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2011 ní kí obìnrin tó bá bo ojú ní gbangba san tó 150 yúrò. Ẹni tó bá fi ipá mú un lò ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, kó sì san 30,000 yúrò. Apá kejì yẹn, bí wọ́n bá ní kí n dìbò fún un níbí, n ó dìbò. Apá kìíní ni n kò gbà. Nígbà tí obìnrin kan gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù, ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2014. Àwọn adájọ́ kò gbà pé ọ̀rọ̀ ààbò nìkan tó láti ka ìbòjú léèwọ̀ níbi gbogbo. Ohun tí wọ́n fi gbe òfin náà lẹ́yìn ni pé ìjọba lè fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa rí ojú ara wọn kí wọ́n lè máa gbé pọ̀.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ní Paris. Ní Àgbádárìgì, a ti ń bá ojú bíbò gbé pọ̀ ó pẹ́. Zàngbétò, ọdẹ òru àwọn ẹbí màmá mi, koríko ló bò ó láti orí dé ilẹ̀. Kò sí ojú, kò sí ọwọ́, kò sí ẹsẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ àdúgbò. Bí ó bá ń yí bìrí lójú agbo, àwọn àlejò á máa ya fọ́tò, ọlọ́pàá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, inú wọn á dùn. Egúngún àwọn Yorùbá náà ń kọjá lójú títì, awakọ̀ á dúró fún un. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Zàngbétò kì í lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n ti bo ojú láti fi dẹ́rù ba ènìyàn, àṣà là ń pè é. Obìnrin tó bo tirẹ̀ kó lè lọ ta àdí, òun ni wọ́n ní ó ń dẹ́rù ba ìlú.

Nígbà àrùn Kòrónà ńkọ́? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìjọba Èkó kan náà ló sọ ìbòmú di dandan fún gbogbo wa ní gbangba. Báńkì ò jẹ́ kí o wọlé bí imú rẹ bá wà níta! A mọ ara wa síbẹ̀. A ń fi ohùn mọ ara wa, a ń fi ìrìn mọ ara wa.

Ibi tí ojú ti gbọ́dọ̀ hàn wà, n kò ní tan ara mi. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èmi tí mo ń jí ka ìwé láago mẹ́rin òru ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹni tó fẹ́ gba owó ní báńkì, ẹni tó fẹ́ kọjá ẹnubodè, ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ fún NIN, kí wọ́n rí i. N kò sì fẹ́ kí ẹni tó bo ẹnu kọ́ mi ní ìró èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí olùkọ́ wa ní ètè ni ká máa wò, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Níbi wọ̀nyí, kí ìjọba béèrè ojú, kí ó sì pèsè obìnrin tí yóò wò ó. Yàrá kan, tàbí aṣọ ìkélé kan lásán, àti òṣìṣẹ́ obìnrin kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn obìnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n wà nínú àwọn aṣọ́bodè. Níbi ìdìbò ọdún 2023, ìka ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ BVAS, ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dìbò, wọ́n wá sílé wá jẹun.

Ní òpópónà, ní ọjà, létí òkun, kí ni ìjọba fẹ́ fi ojú wọn ṣe?

Mo ka àròkọ yìí sétí bàbá mi kí n tó fi sílẹ̀ fún olùkọ́ wa. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ń fi ọwọ́ wo etí pákó tó wà níwájú wọn. Wọ́n ní mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn kò gbà, pé ọmọ ni mí, mi ò mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn ṣàárò ojú ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní bí mo bá jẹ́ olódodo, kí n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.